Ẹ̀rọ Omi Tó Ń Kọ Lẹ́tà Lọ́jọ́ Jímọ̀

Lọ́dún tó kọjá, ìròyìn kan gba gbogbo agbègbè Tchamba pé ẹ̀rọ omi ìlú Kambolé ń kọ lẹ́tà sí ọmọbìnrin kan ní Sokodé. Kì í ṣe pé ẹ̀rọ náà lọ́wọ́ o. Wọ́n ní inú páìpù ni lẹ́tà ń gbà jáde, pé yóò ti ká jọ bí ẹní, pé ọjọ́ Jímọ̀ nìkan ló ń jáde. Wọ́n ní ọmọbìnrin náà á jókòó sétí ibùsùn rẹ̀, á máa kà á, á máa sunkún, á sì máa dá ẹ̀rọ lóhùn sókè bí ẹni ń bá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Fàwásì tó ń fi alùpùpù gbé èrò láti Kambolé lọ sí Tchamba ló kọ́kọ́ sọ ọ́, òun kò sì sọ ju ìdajì lọ. Àwọn èrò tó gbé ló fi ìdajì yòókù kún un. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà fi dé Koussountou, ẹ̀rọ ti ń béèrè fún fọ́tò. Nígbà tó fi kọjá ẹnubodè bọ́ sọ́dọ̀ àwọn èèyàn wa ní Bẹ̀nẹ̀, àwọn òbí ẹ̀rọ ti wá mọ ilé ìyàwó, wọ́n ti gbé ọgọ́rùn-ún iṣu kalẹ̀, wọ́n sì ń ráhùn pé àwọn àna kò kí àwọn dáadáa.

Irọ́ ni. Ṣùgbọ́n kì í ṣe irọ́ pátápátá. Ìdajì rẹ̀ jẹ́ òótọ́, ìdajì tó jẹ́ òótọ́ yẹn gan-an ló sì ba nǹkan jẹ́.

Àbídèmí ni ọmọbìnrin náà ń jẹ́. Wọ́n bí i nígbà tí bàbá rẹ̀ kò sí nílé, ìdí tó fi ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ nìyẹn. Bàbá náà ti kó àgbàdo kọjá ẹnubodè lọ tà. Nígbà tó fi padà dé, ọmọ ti ń rìn. Ó wò ó, ó yìn ín, ó tún di ẹrù rẹ̀. Bó ṣe ń lọ tó ń bọ̀ náà nìyẹn títí ọmọ fi gba ìwé ẹ̀rí. Ìyá rẹ̀ ló fi oko iṣu tọ́ ọ ní Kambolé, ṣọ́ọ̀ṣì Pùrótẹ́sítáǹtì ló sì kọ́ ọ ní kíkà àti kíkọ Yorùbá, nítorí pé Faransé nìkan ni ilé-ìwé mọ̀.

Ọmọ ogún ọdún ni nígbà tó wọ ilé-ìwé kan ní Sokodé tí wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ. Ó háyà yàrá kan ní àdúgbò Kómà. Yàrá náà kéré débi pé bí Àbídèmí bá fẹ́ yíra padà lórí ibùsùn, ó ní láti kọ́kọ́ jáde síta. Yàrá mẹ́sàn-án ló wà nínú ọgbà náà, èdè Tem ni gbogbo wọn ń sọ. Èèyàn dáadáa ni wọ́n. Wọ́n á kí i láàárọ̀, á dáhùn. Wọ́n á tún kí i, á tún dáhùn. Tó bá di ẹ̀ẹ̀kẹta, Tem tó mọ̀ á tán lẹ́nu rẹ̀, á rẹ́rìn-ín músẹ́, á wọlé. Faransé ló fi ń kàwé, Tem ló fi ń ra tòmátì, ìdákẹ́jẹ́ ló fi ń jẹun. Tó bá pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù, ìyá á kí i, á kí yàrá rẹ̀, á kí ìwé rẹ̀, á kí ọyẹ́ tó ń fẹ́ ní Sokodé, á kí ohun gbogbo tí Ọlọ́run dá. Bí wọ́n bá wá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ gan-an, nẹ́tíwọ̀ọ̀kì á lọ. Ọ̀sẹ̀ kan odindi lè kọjá kí ẹnikẹ́ni má pe orúkọ rẹ̀ bó ṣe yẹ. Ohùn tí wọ́n fi ń pe Àbídèmí nílé-ìwé jọ ti orúkọ ọṣẹ ìfọṣọ.

Tísà tí gbogbo kíláàsì bẹ̀rù jù kì í ṣe tísà ìṣirò. Tísà ìkọ̀wé ni. Ohun tó ń kọ́ wọn ni bí oníṣẹ́ ẹ̀rọ ṣe ń kọ ohun tó rí, ohun tó ṣe, àti ohun tí ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ ṣe. Mùsíọ̀ Bíìkì Pupa ni wọ́n ń pè é, nítorí kálàmù bíìkì pupa tó fi ń fa ìlà sórí ìwé ọmọléèwé ti pa ọ̀rọ̀ ju iye ewé tí ọyẹ́ ń pa ní gbogbo ẹkùn náà lọ. Kò sí ẹni tó kọ “dáradára gan-an” sínú iṣẹ́ rẹ̀ tó tún rí “dáradára” tàbí “gan-an” nígbà tí ìwé bá padà. Wọ́n ní ìyàwó rẹ̀ kọ ọ́ sí i nígbà kan pé òun nífẹ̀ẹ́ rẹ̀ púpọ̀, ọkùnrin náà sì kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ìwé náà pé: “Mélòó?”

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, àwọn ọmọ ń kùn. Wọ́n ní ẹ̀rọ làwọn wá kọ́, àwọn kò wá di akọ̀wé ọba. Mùsíọ̀ kò bínú. Ó gbé bíìkì rẹ̀ kalẹ̀, ó ní:

“Ẹ̀rọ tí ẹ bá tún ṣe lónìí, ojú yín ló rí i. Ẹni tó máa tún un ṣe lọ́dún mẹ́ta sí i ń kọ́? Ṣé ẹ ó yọ ojú yín fún un ni?”

Ó pín wọn sí méjì. Àwọn kan á tú ẹ̀rọ omi aláfọwọ́fà palẹ̀, wọ́n á sì kọ bí wọ́n ṣe tú u. Àwọn yòókù tí kò sí níbẹ̀ á fi ìwé yẹn nìkan tò ó padà, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ lanu. Ojú ìwé mẹ́fà ni Àbídèmí kọ. Ẹni tí ìwé rẹ̀ bọ́ sí lọ́wọ́ to ẹ̀rọ náà tán, nọ́ọ̀tì kan ṣẹ́ kù. Àbídèmí ti kọ ọ́ pé “kí o wá dè é pinpin”, kò sọ iye nọ́ọ̀tì tí wọ́n fi ń dè é. Mùsíọ̀ gbé nọ́ọ̀tì náà lé orí tábìlì rẹ̀, ó sì wà níbẹ̀ fún oṣù kan gbáko. Kò sí ẹni tó bá a wí. Nọ́ọ̀tì yẹn kàn ń wò ó ni.

Ohun tó ya òun fúnra rẹ̀ lẹ́nu ni pé ó fẹ́ràn ẹ̀kọ́ náà. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí ẹnu wọn kì í dákẹ́ kò lè rántí pé ẹni tó máa ka ìwé wọn kò ní lè bi wọ́n léèrè nǹkan kan. Àbídèmí kò nílò ìránnilétí. Ó ti pẹ́ tó ti ń bá ẹni tí kò sí níbẹ̀ sọ̀rọ̀. Kó tó di òpin ọdún kejì, ẹ̀rọ tí wọ́n bá fi ìwé tirẹ̀ tò kì í ṣẹ́ nọ́ọ̀tì kankan kù, Mùsíọ̀ sì dá ìwé rẹ̀ kan padà láìfi pupa kàn án. Ó gbé e lọ sílé, kò rẹ́ni fi hàn. Ó fi han ògiri.

Lọ́dún kẹta, wọ́n rán an lọ ṣe sítáàjì oṣù mẹ́fà, kó lọ fi ojú ara rẹ̀ rí iṣẹ́, ní ilé iṣẹ́ Madáàmù Jàríátù tó ń tún ẹ̀rọ omi ṣe káàkiri. Ohùn obìnrin náà le débi pé àwọn ẹ̀rọ kan a máa ṣiṣẹ́ fúnra wọn tí wọ́n bá ti gbọ́ pé ó sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Ó sọ ohun tó ń wá fún Àbídèmí láìfọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n.

“Mo ní ọkùnrin mẹ́rin tó mọ ẹ̀rọ tún ṣe. Tí mo bá bi wọ́n pé kí ni wọ́n ṣe sí i, wọ́n á ní àwọn ti ṣe é. Ẹni tó máa kọ ọ́ ni mò ń wá.”

Bó ṣe là á sílẹ̀ nìyí: Àbídèmí ni yóò máa mójú tó ẹ̀rọ omi tuntun tí wọ́n fẹ́ gbé sí Kambolé, nítorí òun nìkan ló gbọ́ èdè wọn. Kí sítáàjì tó parí, ìgbìmọ̀ omi Kambolé gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìwé kan pé iṣẹ́ rẹ̀ tẹ́ àwọn lọ́rùn. Ìwé yẹn ni yóò sọ ọ́ di òṣìṣẹ́. Tí ìwé kò bá sí, kò sí iṣẹ́, kó máa fi ọpẹ́ lọ sílé. Àbídèmí mọ ohun tí ilé túmọ̀ sí: oko iṣu, àti ọdún mẹ́ta ní yàrá Kómà tó lọ lásán.

Ọ̀sẹ̀ kan ni wọ́n fi gbé ẹ̀rọ tuntun náà sílẹ̀ ní Kambolé. Agbára oòrùn ló ń lò. Ó wà nísàlẹ̀ kànga jíjìn kan, ó ń ti omi lọ sínú táńkì tó wà lórí òpó irin, omi á sì gba ibẹ̀ wá sí ẹnu ẹ̀rọ mẹ́rin tí àwọn obìnrin ti ń pọn ọ́n. Àbídèmí jókòó tì í láti àárọ̀ títí oòrùn fi wọ̀. Ó ń gbé orí irin gígùn kan lé páìpù, á fi etí rẹ̀ sí orí kejì, bí àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ ṣe ń gbọ́ ohun tó ń lọ nínú ẹ́ńjìnnì. Á wá máa kọ ọ́: aago tí táńkì kún, irú ìró tó ń ró, bóyá iyanrìn wà nísàlẹ̀ bàsíà. Ọdún méjì ló ti lò láìrí ẹni sọ Yorùbá fún, nítorí náà gbogbo ohun tó ń kọ ló ń sọ sókè. “Aago mẹ́wàá lo kún un lánàá. Lónìí, o fi ìṣẹ́jú márùn-ún pẹ́. Kí ló ṣe ọ́?” Fàwásì tó wá pọn omi bá a níbẹ̀. Ó dúró, ó wò ó, ó fetí sílẹ̀. Ó gun alùpùpù rẹ̀, ó gbé èrò méjì, ó forí lé Tchamba. Apá kan ìròyìn ti lọ nìyẹn.

Ohun tó kù ni ìwé kàyé tí olùtọ́jú ẹ̀rọ yóò máa kọ nǹkan sí láràárọ̀. Bàbá Gbàdàmọ́sí ni olùtọ́jú náà, ẹni àádọ́rin ọdún, tó kọ́ kíkọ Yorùbá ní ilé-ìwé àgbà tí ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ sì mọ́ tónítóní. Lọ́jọ́ Jímọ̀, kí bàbá tó lọ sí mọ́sáláṣí, ìyàwó rẹ̀ Àmínátù yóò fi fóònù ya ojú ìwé ọ̀sẹ̀ yẹn, yóò fi ránṣẹ́ sí Sokodé.

Àbídèmí kọ́kọ́ kọ ìbéèrè bí Mùsíọ̀ ṣe kọ́ ọ: Aago wo ni táńkì kún? Irú ìró wo? Iyanrìn wà tàbí kò sí? Ó gbé ojú sókè. Bàbá Gbàdàmọ́sí jókòó síwájú rẹ̀ nínú aṣọ funfun, ó ká ọwọ́ lé itan, ó ń dúró de ohun tí ọmọ àná yìí máa ní kí òun ṣe. Ojú ti Àbídèmí. Ta ni òun tí òun á máa da ìbéèrè bo bàbá bí aṣọ́bodè? Ó ya ojú ìwé náà kúrò, ó sì kọ gbólóhùn kan ṣoṣo sórí ojú ìwé kọ̀ọ̀kan:

“Ẹ káàárọ̀, Bàbá. Báwo ni ẹ̀rọ ṣe jí lónìí?”

Gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ ló yìn ín. Bàbá Gbàdàmọ́sí ní láti ìgbà tí wọ́n ti bí òun, ìwé ti pe òun lẹ́jọ́, ìwé ti gba owó orí lọ́wọ́ òun, ṣùgbọ́n ìwé kò kí òun rí.

Jímọ̀ àkọ́kọ́ dé, àwòrán dé sórí fóònù Àbídèmí ní Kómà. Ó ṣí i. Àárọ̀ méje ló wà níbẹ̀, ìdáhùn méje, ọ̀kan kò yàtọ̀ sí ìkejì: “O kú àárọ̀, ọmọ mi. Ó jí dáadáa. A dúpẹ́.” Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Jímọ̀ kejì, méje mìíràn. Lọ́tẹ̀ yìí, kò rẹ́rìn-ín. Ó wo ìwé náà gẹ́gẹ́ bí ẹni tí Mùsíọ̀ Bíìkì Pupa kọ́ níṣẹ́, ó sì rí i kedere pé kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Kò sí aago, kò sí ìró, kò sí iyanrìn. Ẹ̀rọ náà lè ti fò lọ sí Lomé, ìwé yìí á ṣì máa sọ pé ó jí dáadáa. Ọ̀rọ̀ tí kò gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ ni: kó tún kọ ìbéèrè mẹ́ta yẹn, kó fi ránṣẹ́ sí Àmínátù, kó bẹ bàbá pé kí ó máa dáhùn wọn.

Kò ṣe é.

Ìdí rẹ̀ ni pé nínú gbogbo ọ̀sẹ̀ náà, kò sí Yorùbá mìíràn tí wọ́n kọ sí i, kò sì sí ẹlòmíràn tó pè é ní ọmọ. Bí ó bá béèrè aago, aago ni wọn yóò fi dá a lóhùn. Nítorí náà, ó pín kíkí náà lò bí ẹni ń lo oògùn dókítà. Kì í ka méjèèje pa pọ̀ mọ́. Láràárọ̀, kó tó bọ́ sóde, á ṣí fóònù, á ka ẹyọ kan, á sì dáhùn sókè nínú yàrá rẹ̀: “Ẹ káàárọ̀, Bàbá. Èmi náà jí dáadáa.” Obìnrin tó wà ní yàrá kejì ń gbọ́. Lọ́jọ́ kan ó bi í ní Faransé pé ta ló ń bá sọ̀rọ̀ láràárọ̀ láti ìgbà yìí. Ojú ti Àbídèmí láti ṣàlàyé, ó sì ní ẹ̀rọ omi ìlú òun ló ń kọ̀wé sí òun. Ó rò pé àwàdà lòun ń ṣe. Obìnrin náà ń ta aṣọ lọ́jà Tchamba. Bí ìdajì tó wà ní Kómà ṣe pàdé ìdajì tó wà lẹ́yìn alùpùpù Fàwásì nìyẹn, ẹ sì ti mọ ibi tí wọ́n jọ rìn dé.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ keje, àwòrán dé. Àárọ̀ márùn-ún àkọ́kọ́: “Ó jí dáadáa.” Ìkẹfà: “Ó jí. A dúpẹ́.” Ìkeje: “Ara rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ yá, ọmọ mi. Ọlọ́run á ṣe é.”

Kò sí ọmọ Yorùbá tó nílò kí wọ́n túmọ̀ irú ìyẹn fún òun. Bí àgbàlagbà bá ránṣẹ́ láti ilé pé ara ẹnìkan kò fi bẹ́ẹ̀ yá, aṣọ dúdú lèèyàn ń wá. Àbídèmí sáré dé ilé iṣẹ́, ó ní ẹ̀rọ Kambolé ti kú. Madáàmù Jàríátù gba fóònù, ó wo àwòrán náà sókè sódò, ó bi í níbi tí wọ́n ti kọ ọ́ pé ó kú.

Ọkọ̀ wọn gba Tchamba kọjá, eruku ọ̀nà bò wọ́n débi pé wọ́n dé Kambolé bí ẹni tí wọ́n fi ẹlùbọ́ pa lára. Wọ́n fa ẹ̀rọ jáde. Iyanrìn ti dí i lọ́nà ọ̀fun, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti jóná. Jàríátù ní kí Àbídèmí bi olùtọ́jú pé ìgbà wo ni iyanrìn ti ń bá omi jáde. Bàbá Gbàdàmọ́sí kò tilẹ̀ rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

“Ó ti di ọjọ́ mẹ́tàlélógún. Táńkì tó ń kún laago mẹ́wàá di ohun tó ń kún laago méjìlá, ó tún di aago méjì. Ó sì ń wúkọ́ bí ẹni tí ọyẹ́ ń dá lóró.”

Gbogbo ohun tí oníṣẹ́ ẹ̀rọ lè fẹ́ mọ̀ ló wà lẹ́nu ọkùnrin náà, pẹ̀lú ọjọ́ àti aago. Ó ti sọ ọ́ fún àwọn obìnrin tó ń pọn omi, ó ti sọ ọ́ ní mọ́sáláṣí. Àbídèmí bi í léèrè:

“Bàbá, kí ló dé tí ẹ ò kọ ọ́ sínú ìwé?”

“Ṣé ìwé bi mí ni? Ìwé kí mi ni. Ta ló ń fi ìròyìn burúkú dá ẹ káàárọ̀ lóhùn?”

Madáàmù Jàríátù kò gbọ́ Yorùbá. Ó ń wo ẹnu Àbídèmí, ó ń dúró. Ó yẹ kí Àbídèmí sọ ọ́ bó ṣe gbọ́ ọ. Ohun tó sọ ní Faransé ni pé bàbá ní òun kò kọ ọ́. Kì í ṣe irọ́. Ṣùgbọ́n ìdajì tó sọ yẹn nìkan ni gbogbo ìlú gbé lọ sílé.

Ọjọ́ méjìlá ni ẹ́ńjìnnì tuntun fi wà lójú ọ̀nà láti Lomé. Ọjọ́ méjìlá ni àwọn obìnrin fi padà sí ọ̀nà odò, wọ́n sì rí orúkọ tí wọ́n á máa bú lójú ọ̀nà: Gbàdàmọ́sí. Olúmidé, alága ìgbìmọ̀ omi, ka ìwé kàyé náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó ka “dáadáa” mẹ́tàdínláàádọ́ta, ó ní bàbá ti purọ́ nígbà mẹ́tàdínláàádọ́ta fún ìlú. Wọ́n ní àwọn á gba kọ́kọ́rọ́ ẹ̀rọ lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ti Àbídèmí, ìyìn nìkan ni. Ọmọ tó kọ ìwé sílẹ̀, tó kí àgbà tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, kí ni wọ́n tún ń wá? Wọ́n á fọwọ́ sí ìwé rẹ̀ kíákíá.

Ilé iṣẹ́ ní kí Àbídèmí dúró ní Kambolé títí ẹ́ńjìnnì á fi dé, kí ó kọ ràpọ́ọ̀, ìyẹn ìròyìn ohun tó ba ẹ̀rọ jẹ́. Inú rẹ̀ kọ́kọ́ dùn, nítorí ó rò pé èdè nìkan ló mú kí òun dá wà ní Sokodé. Ní Kambolé, Yorùbá kún ilẹ̀ kún òkè. Àwọn ọ̀rẹ́ ìyá rẹ̀ ń wọlé, wọ́n ń jáde, wọ́n ń béèrè ọjọ́ ìgbéyàwó òun àti ẹ̀rọ, wọ́n ní àwọn ti ń rò ó pé ọkọ olómi tutù kò ní jẹ́ kí òùngbẹ gbẹ ẹ́. Ó dá wọn lóhùn gẹ́gẹ́ bí ilé-ìwé ṣe kọ́ ọ: pé òun kò fẹ́ ẹ̀rọ, pé bàbá ló ń kọ̀wé, pé àwòrán ló ń dé. Ìdáhùn náà pé, kò sì sí adùn kankan nínú rẹ̀. Wọ́n wo ara wọn, wọ́n dìde. Bí yàrá ìyá rẹ̀ ṣe wá dákẹ́ tó, ó dákẹ́ ju Kómà lọ.

Ó kọ ràpọ́ọ̀ náà lẹ́ẹ̀kan. “Ìròyìn tó yẹ kò dé ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ lásìkò.” Ó dára létí. Ó kà á, ó sì mọ ohun tí Mùsíọ̀ yóò kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú pupa: Ta ni kò jẹ́ kó dé? Ó tún un kọ: “Ìwé kàyé náà kò béèrè ohun tó yẹ.” Bí ẹni pé ìwé kàyé jí lọ́jọ́ kan, ó kọ ara rẹ̀. Ó fà á ya. Ìyá rẹ̀ bi í pé kí ló ń da ìwé láàmú bẹ́ẹ̀. Ó ní kò sí.

Lọ́jọ́ kọkànlá ó lọ sílé Bàbá Gbàdàmọ́sí. Àmínátù ń bó àgbàdo lẹ́nu ọ̀nà. Ó fi ọwọ́ júwe ẹ̀yìnkùlé. Bàbá jókòó lórí àpótí, ó kọjú sí ògiri. Kò lọ sí ìdí ẹ̀rọ mọ́, kò sì lọ sí mọ́sáláṣí lọ́jọ́ Jímọ̀ tó kọjá. Àbídèmí kúnlẹ̀, ó kí i. Bàbá kò yíjú, ṣùgbọ́n ó dá a lóhùn, nítorí kò sí ohun tó lè ṣẹlẹ̀ sí ọkùnrin náà tí kò ní jẹ́ kó dáhùn kíkí.

“O kú àárọ̀, ọmọ mi. Ṣé dáadáa lo jí?”

“Rárá, Bàbá.”

Bàbá yí ojú padà, ó wò ó. Bóyá ní àádọ́rin ọdún, kò sí ẹni tó dá a lóhùn bẹ́ẹ̀ rí. Kò béèrè ìdí. Ó sún díẹ̀ lórí àpótí náà, Àbídèmí jókòó tì í, àwọn méjèèjì jọ wo ògiri títí oòrùn fi kan orí wọn. Láti ibẹ̀ ló ti lọ sílé lọ tún ràpọ́ọ̀ náà kọ. Kò gbà ju ojú ìwé kan lọ.

Lọ́jọ́ kejìlá, ẹ́ńjìnnì dé, wọ́n gbé e wọlẹ̀, omi dé. Ìgbìmọ̀ pe ìpàdé síwájú táńkì níbẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kẹtàlá. Àwọn obìnrin fi bàsíà wọn jókòó. Bàbá Gbàdàmọ́sí mú kọ́kọ́rọ́ wá, ó so ó mọ́ okùn funfun, ó di okùn náà mú. Ìwé méjì ló wà níwájú Olúmidé: ọ̀kan tó gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ olùtọ́jú, ọ̀kan tó sọ pé iṣẹ́ Àbídèmí tẹ́ wọn lọ́rùn. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Madáàmù Jàríátù tó ti Sokodé wá, ó yin ọmọ ìlú, ó tún yìn ín, ó sì ṣí bíìkì rẹ̀. Ìwé Àbídèmí ló kọ́kọ́ fà mọ́ra.

Àbídèmí dìde. Ó kí wọn, àgbà lọ́kùnrin àti lóbìnrin, kò fo ẹnikẹ́ni. Lẹ́yìn náà ó ní:

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì fọwọ́ sí i. Bàbá Gbàdàmọ́sí kò purọ́. Èmi ni mo kọ ìbéèrè tó wà nínú ìwé kàyé yẹn. Ó yẹ kí n béèrè aago tí táńkì kún, àti ìró, àti iyanrìn. Ojú tì mí láti bi àgbà bẹ́ẹ̀, mo sì kọ kíkí sí i dípò ìbéèrè. Bàbá dá kíkí lóhùn. Nígbà tí a bi wọ́n lẹ́nu, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n mọ̀, títí dórí ọjọ́. Wọ́n sọ fún mi pé ìwé kò bi àwọn, èmi ni n kò túmọ̀ rẹ̀ fún Madáàmù.”

Ó yíjú sí Jàríátù, ó sọ gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i ní Faransé, kò yọ ọ̀rọ̀ kan kúrò, ó sì fi ràpọ́ọ̀ olójú ìwé kan náà lé e lọ́wọ́. Jàríátù bẹ̀rẹ̀ sí í kà á níbi tó dúró sí.

Ariwo sọ díẹ̀. Olúmidé, tó jẹ́ èèyàn jẹ́jẹ́, gbé ọwọ́ sókè. Ó fẹ́ràn ọmọ náà, ó sì fẹ́ kí iṣẹ́ má bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní kí wọ́n fara balẹ̀, kò sí nǹkan bàbàrà níbẹ̀. Ohun tí ọmọ àwọn ń gbìyànjú láti sọ ni pé àṣìṣe kékeré kan wọlé, àìmọ̀ ni, ọmọdé ni, kí wọ́n jẹ́ kí òun kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sí ìdí ìwé náà kí òun sì fọwọ́ sí i.

“Rárá, Ẹ̀gbọ́n,” ni Àbídèmí wí. “Kò kéré, ọjọ́ méjìlá ni ẹ fi rìn lọ sódò. Kì í sì í ṣe àìmọ̀. Láti ọ̀sẹ̀ kejì ni mo ti mọ̀ pé ìwé yẹn kò wúlò fún ẹ̀rọ. Mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ nítorí pé n kò rẹ́ni kí mi ní Sokodé, mo sì ń fẹ́ kí wọ́n máa kí mi. Bó ṣe rí nìyẹn. Tí ẹ bá máa kọ ọ́, ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.”